Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Tó Wà Nínú Ẹ̀bùn Àna

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má wulẹ̀ fi orúkọ òun pa mọ́, nítorí gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́, kò sì sí ẹ̀rín kankan tó tún kù tí ẹnikẹ́ni lè fi òun rín. Ó ní nítorí ìyá tí kò tíì fẹsẹ̀ kọ irú rẹ̀ ni.

Hosiyat lórúkọ rẹ̀. Opó ni, ní ìlú Kokand. Búrẹ́dì pẹrẹsẹ inú ààrò amọ̀ ló ń yan tà. Kì í pariwo, kì í sì í jẹ́ kí àkókò ìrun kankan fo òun. Oydin nìkan lọmọ tó bí. Elyor, ọmọ Turob, ló fẹ́ Oydin.

Ohun tó kó bá Hosiyat ni ẹnu ìyá Elyor. Muattar ni wọ́n ń pè é. Muattar kì í bú èèyàn o. Ó kàn máa ń yin ẹlòmíràn lójú ẹni ni.

"Ìyá Oydin," ó wí lọ́jọ́ tí wọ́n ń jíròrò ìgbéyàwó, "ilé ìyàwó ọmọ wa àgbà, kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé wá. Ó nípọn débi pé bí ẹyin bá já bọ́ lé e lórí, kò ní fọ́. Àmọ́ mi ò ní kí ẹ gbé nǹkan kan wá o. Opó ni yín. Bí ẹ bá ti lè gbé ara yín wá, ó ti tó."

"A dúpẹ́, àna mi," ni Hosiyat dáhùn. Ṣùgbọ́n "opó ni yín" yẹn gún un lọ́kàn bí abẹ́rẹ́, kò sì yọ mọ́.

Lọ́dọ̀ wọn, ẹrù tí ilé ìyàwó bá kó fún ilé ọkọ, ojú gbogbo obìnrin ni wọ́n ti ń tú u. Ìyá àgbà tó ń darí ayẹyẹ á máa gbé e sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa kígbe ohun tó jẹ́. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá kéré, ilé ni yóò ti máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Hosiyat ro ó títí, ló bá rántí ọkọ̀ Elyor. Mọ́tò funfun náà ti rìn jìnnà, bẹ́líìtì eléyín tó ń yí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti tó pààrọ̀. Kò sí ẹni tó ń gba orí òkè Kamchik lọ sí Tashkent, olú ìlú wọn, tí kò mọ̀ pé bí bẹ́líìtì yẹn bá já lórí ìrìn, inú ẹ́ńjìnnì á kọlu ara wọn, gbogbo fáàfù á tẹ̀, ọkọ̀ á sì kú sójú ọ̀nà, níbi tí tírélà ti ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Kápẹ́ẹ̀tì?" Hosiyat wí fún ìyẹ̀fun tó ń pò. "Ohun tí yóò dá ẹ̀mí ọkọ ọmọ mi sí ni èmi máa gbé lọ."

Ọ̀nà tó dára lèrò yẹn kọ́kọ́ gbà. Ọjà ló ti yà.

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò gbé bẹ́líìtì méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan wà nínú páálí búlúù tó ń dán, òǹtẹ̀ fàdákà lára rẹ̀ ń kọ mànà. Èkejì wà nínú ọ̀rá lásán.

"Ìyá, ojúlówó nìyí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló fọwọ́ sí i. Àfijọ nìyí. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló dá a ṣe."

"Ṣé ayédèrú ni?"

"Ó tì o! Ayédèrú lèyí tó ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́. Èyí ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ tiẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́yìn yìí. Àwọn awakọ̀ ń rà á, wọn ò sì padà wá bú mi. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀bùn àna, ojúlówó ni kí ẹ mú."

Hosiyat bèèrè iye tí ojúlówó jẹ́. Nígbà tó gbọ́, ó rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn kalẹ̀.

Ojú rẹ̀ ṣáko lọ sí kọ̀rọ̀. Páálí búlúù òfìfo ló kún ibẹ̀.

"Kí lẹ ń fi àwọn yẹn ṣe?"

"Àwọn mẹkáníìkì ló ń jù wọ́n síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ń fi wọ́n kọ́ ilé ṣeré."

"Ẹ fún mi ní ọ̀kan."

Ọkùnrin náà wo ìborí rẹ̀, ó wo tẹ̀sùbáà tó wé mọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Èmi náà ní ilé tí mo fẹ́ kọ́."

"Háà! Kó má wó lù yín o!"

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sílé, àfijọ tó rà ti wà nínú páálí búlúù, ó sì ti rí àwáwí. Ó ní, mi ò ní fẹnu ara mi sọ pé ojúlówó ni. Bí páálí bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ páálí nìyẹn. Ẹ wo bí Èṣù ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ sí ẹni tó ń kírun létí!

Ọjọ́ tí wọ́n tú ẹrù, ìyá àgbà gbé aṣọ sókè, wọ́n ní ó dáa. Ó gbé fìlà sókè, wọ́n ní ó dáa. Ó wá gbé páálí búlúù sókè, ó yí i po.

"Kí lèyí? Ojú mi ò ríran tó o, ẹ bá mi kà á!"

Ọmọge kan kà á. Ìyá àgbà lọgun: "Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì! Ojúlówó! Kí ọmọ wa lè gbé ọmọ wọn gun òkè, kó sì gbé e sọ̀ láyọ̀!"

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ nu ojú. "Ìyá tó ní làákàyè nìyí," ó wí. "Kápẹ́ẹ̀tì, kí la ń fi í ṣe? Ẹsẹ̀ là ń nù sí i."

Ẹnu Muattar korò bí ẹni tó gé èso àìpọ́n jẹ. Hosiyat tẹjú mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ijó ló ń jó.

Ìyìn yẹn ló wá di wàhálà. Muattar tí kò lè borí ìyìn náà sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó gbé páálí búlúù sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní yàrá àlejò, láàárín àwọn àwo tíì olówó ńlá. Àlejò tó bá wọlé, á ní, "Ẹ wo ohun tí àna wa kó wá." Elyor fẹ́ lò ó, wọ́n ní kó sinmi, kí àwọn ará ìdílé ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ wá wò ó ná.

"Ìyá mi," Oydin wí lórí fóònù, "wọ́n ń nu bẹ́líìtì yín ju bí wọ́n ṣe ń nu dígí lọ."

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó wà níbẹ̀," ni Hosiyat dáhùn kíákíá. "Ibẹ̀ yẹ ẹ́."

Ṣùgbọ́n ìrun bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún un. Bó bá forí kanlẹ̀, páálí búlúù ni yóò rí. Bó bá ń ka tẹ̀sùbáà, eyín bẹ́líìtì ló ń kà.

Ọjọ́ kan ni Turob alára pè é. Ohùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Oydin, ayọ̀ ti dé! Elyor ti ríṣẹ́ ní Tashkent. Àwọn méjèèjì á gun òkè lọ ní Sátidé. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ọ̀gá Mamasoli mẹkáníìkì á wá fi bẹ́líìtì yín sí i níbí, lójú gbogbo àdúgbò. A ó se ìrẹsì ẹlẹ́ran. Ẹ gbọ́dọ̀ wá o! Ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ náà!"

Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú ààrò. Mẹkáníìkì á fa bẹ́líìtì náà yọ. Orúkọ mìíràn á wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, títí tí Oydin yóò fi hewú, ọmọ onípáálí ni wọn yóò máa pè é nílé ọkọ.

Ó gba ọjà lọ. Yẹtí wúrà tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi fẹ́ ẹ ló kọ́kọ́ bọ́ fún alágbẹ̀dẹ wúrà. Lẹ́yìn náà ló yà sọ́dọ̀ ọkùnrin ẹ̀yà mọ́tò.

"Ìyá! Ilé yẹn ti wó ni?"

"Ó ń mì. Fún mi ní ojúlówó, má bi mí ní ìbéèrè."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn ọkùnrin tó ti mọ́sálásí dé, Hosiyat ti wà nílé Muattar. Ó gbé abọ́ ńlá kan tó kún fún sómsa, ìpápánu ìyẹ̀fun tí wọ́n ki ẹran sí nínú, tó ṣì ń gbóná. Lábẹ́ sómsa, aṣọ ìnuwọ́ ni. Lábẹ́ aṣọ, bẹ́líìtì ojúlówó.

Muattar wà nídìí ìkòkò lágbàlá. Oydin ń bu omi. Hosiyat yọ́ wọ yàrá àlejò, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní "Bísímílà", àfi bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Ó ṣí páálí búlúù kó lè yọ àfijọ rẹ̀.

Àfijọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Bẹ́líìtì ògbólógbòó kan ló ká jọ sínú páálí náà, ó sán kéékèèké, eyín méjì ti ká nínú rẹ̀, òróró dúdú sì ti rin ín.

"Àna mi, kí lẹ ń wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi?"

Muattar ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣíbí gbọọrọ lọ́wọ́.

"Mo… mo ń nu eruku ni."

"Eruku! Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tèmi?"

Ẹ mọ̀ pé kí àna ẹni sọ pé eruku wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹni, èébú gidi ni. Ṣùgbọ́n Muattar ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí páálí tó ṣí sílẹ̀, ni ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má pariwo," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ìgbà yẹn ni Hosiyat mọ̀ pé ẹ̀rù tó ń ba òun kọ́ ló wà nínú yàrá yẹn. Ẹ̀rù ẹlòmíràn ni.

"Àbúrò mi ni," Muattar ń ṣàlàyé. "Èrò ló ń kó. Ó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí, ó ní ojúlówó ń jókòó lásán láàárín àwo nígbà tí bẹ́líìtì tòun fẹ́ já. Mo ní kó mú un, kó ra òmíràn wá kí Elyor tó nílò rẹ̀. Ògbólógbòó tirẹ̀ ló kó sínú páálí. Kò rà á! Ọmọ ìyá mi, kò rà á! Mẹkáníìkì ti ń bọ̀, Turob á lé mi lọ sílé bàbá mi!"

Ó yẹ kí Hosiyat jẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹn. Ilẹ̀kùn wà ní títì, àwọn méjì péré ni, ẹ̀ṣẹ̀ á sì wà lọ́rùn wọn bákan náà. Ṣùgbọ́n "opó ni yín" tún ta á lọ́kàn. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

"Ìyá Elyor. Ẹ̀bùn tí mo fi òógùn ojú rà?"

"Mo jẹ̀bi, àna mi."

"Èmi opó?"

"Mo jẹ̀bi, mo tún jẹ̀bi." Omi ti dà lójú Muattar.

Hosiyat jẹ́ kí omi ojú náà dà dáadáa ná. Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ bọ abẹ́ sómsa, ó fa ojúlówó yọ. "Ọlọ́run ló fi sí mi lọ́kàn kí n ra èkejì pa mọ́. Ẹ gbà. Màá bò yín láṣìírí."

Muattar gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ẹnu kò ó ní iwájú àti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin kì í ṣe àna. Ẹni Ọlọ́run ni yín!"

Ẹ̀yin ìyá, adùn ìṣẹ́jú yẹn pọ̀. Hosiyat sọ fún mi pé títí di òní, bí òun bá rántí rẹ̀, òun ṣì ní láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn ọkùnrin dé. Agbada ìrẹsì ń hó lórí iná. Ọ̀gá Mamasoli ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò funfun, ó gba páálí búlúù lọ́wọ́ Turob, ó fa bẹ́líìtì yọ, ó gbé e sójú oòrùn.

"Ojúlówó!" ó wí. Àdúgbò pàtẹ́wọ́. Muattar wo Hosiyat, ó rẹ́rìn-ín. Hosiyat rẹ́rìn-ín padà.

Ọ̀gá Mamasoli ò mọ̀ pé ó yẹ kóun dákẹ́.

"Ojúlówó gan-an rèé. Kì í ṣe bíi ti àbúrò yín, Ìyá Elyor. Ó gbé ọ̀kan wá bá mi lọ́jọ́ sí, ó ń búra pé ojúlówó ni, pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbọ́n òun ló ti jáde. Mo ní àfijọ ni, orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí!"

Turob gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Inú kọ́bọ́ọ̀dù ta ni?"

Ọ̀rá nìkan ló ń ta pàrà nínú agbada.

Muattar rọra yíjú sí Hosiyat. Ó wo ọwọ́ tó fi ẹnu kò, ó wo ojú ẹni tó ni ọwọ́. Ó sún mọ́ ọn, ó wí wúyẹ́wúyẹ́ láìmi ètè: "Àna mi, ẹkún tí mo sun lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá, ẹ dá a padà fún mi."

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí Muattar bá tú Hosiyat fó, ara rẹ̀ ló tú.

Turob dìde. "O gbé ẹ̀bùn àwọn ọmọ fún àbúrò rẹ," ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ìyẹn ò tó, àbúrò rẹ tún ń gbé àfijọ kiri, ó ń búra pé ẹ̀bùn wọn ni! Opó tí kì í pa ìrun jẹ! Ìyá Oydin, ẹ foríjì wá. Ẹ wo irú èèyàn tí wọ́n ń parọ́ mọ́!"

Gbogbo ojú yíjú sí Hosiyat, gbogbo rẹ̀ kún fún àánú. Ohun tó kù kò ju kó mi orí, kó ní, "Mo ti foríjì wọ́n." Gbólóhùn kan péré. Ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀.

Oydin ló ń gbé ìkòkò tíì kọjá. Ó dúró síwájú ìyá rẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ìborí rẹ̀.

"Ìyá mi," ó bèèrè jẹ́jẹ́, "yẹtí yín dà?"

Muattar gbọ́. Ìyá àgbà gbọ́. Hosiyat fọwọ́ kan etí rẹ̀ tó ṣófo, gbólóhùn tó wà lórí ahọ́n rẹ̀ sì gbẹ.

"Ẹ má bá Ìyá Elyor wí," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé wọ́n ní kó tún un sọ. "Ọ̀gá Mamasoli ò parọ́. Àfijọ ni mo rà. Páálí òfìfo ni mo tọrọ, tí mo kó o sí. Ìgbà tí ẹ ní ẹ ó tú u lójú gbogbo èèyàn ni mo ta yẹtí mi, tí mo ra gidi. Mo sì jẹ́ kí àna mi sunkún níwájú mi láìjẹ̀bi mi… ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kó bẹ̀."

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ fọhùn. "Yéè! Èmi tí mo gbé e sókè! Èmi tí mo lọgun!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí tí wọ́n fi dì í mú, gbogbo agbo sì bá a rín in.

Turob ò rẹ́rìn-ín. Oydin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìkòkò tíì rẹ̀ wọlé, kò bojú wẹ̀yìn. Ìyẹn ló dun Hosiyat ju gbogbo ẹ̀rín lọ.

"Ó dáa," Turob wí. "Mi ò ní bá opó jà, mi ò sì ní bá ìyàwó mi jà níwájú àlejò. Lọ́la, ojúlówó á gbé àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ìyá méjèèjì ni ẹ ó kó ẹrù ilé tẹ̀ lé wọn, nínú mọ́tò àbúrò Muattar tí àfijọ náà wà nínú rẹ̀. Bẹ́líìtì tí ẹ jọ ṣe, kó gbé yín."

Ní àárọ̀ Sátidé, Oydin wá sídìí mọ́tò àbúrò Muattar. Kò tíì bá ìyá rẹ̀ sọ nǹkan kan. Ó ki ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó ní, "Ẹ máa gbàdúrà lọ́nà o," ó sì lọ.

Wọ́n gun òkè. Ní gbogbo kọ́nà ni ètè ìyá méjèèjì ń mì. Àbúrò Muattar ò tilẹ̀ gbà gbọ́. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kùn bí ẹyẹlé! Mẹkáníìkì yẹn ò mọ nǹkan kan. Ojúlówó ni!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, kí o máa wo iwájú," ni Muattar wí.

Kí n má purọ́ fún yín, bẹ́líìtì náà ò já. Kò já lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì tíì gbọ́ pé ó já. Nǹkan tó já ní ilé Turob, ìgbẹ́kẹ̀lé ni, Hosiyat ló já a fúnra rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó rí i so.

Lókè téńté, mọ́tò àwọn ọmọ dúró kí ẹ́ńjìnnì lè sinmi, tiwọn náà dúró. Àwọn òǹtajà to ìgò oyin sétí títì. Ìyá méjì tí kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti Kokand rìn lọ síbẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ìyá arúgbó kan na ìgò sí wọn. "Ojúlówó oyin òkè, ẹ̀yin ọmọ mi! Mo fi Ọlọ́run búra! Ojúlówó—"

"Ẹ má búra, ìyá," Hosiyat yára dá a dúró. "Ẹ ṣáà sọ fún wa. Ṣé ẹ fi ṣúgà sí i?"

Ìyá arúgbó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Díẹ̀," ó wí.

Muattar bú sẹ́rìn-ín, Hosiyat bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú sí àfonífojì. Ìgò méjì ni wọ́n rà, wọn ò sì ná an.